Ẹ̀jẹ̀ tí ń dì bí ẹ̀kọ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé láàárín òkè mọ́kànlélógójì Ìdáàṣà, ẹ ti ka ìwé àkọ́kà parí. Ní báyìí ẹ ń kàwé láti fi mọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n a ò ní bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ dókítà. Ìdí ààrò la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo omi. Bí òjò bá rọ̀ sórí àpáta wa, omi á sáré lọ sísàlẹ̀, kò ní dúró. Ẹ wá wo àpáta fúnra rẹ̀. Ẹ lè jókòó lé e láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní yẹ̀ lábẹ́ yín. Omi ń ṣàn, òkúta kì í ṣàn. Ọmọdé mọ èyí.

Ẹ̀kọ ńkọ́? Ṣé omi ni àbí òkúta? Ọbẹ̀ ilá ńkọ́? Òrí tí a fi ń pa ara ńkọ́? Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ẹ rí i pé wọn kì í ṣe omi, wọn kì í sì í ṣe òkúta. Àárín méjèèjì ni wọ́n wà, olúkúlùkù sì ní ìwà tirẹ̀.

Ẹ fi ṣíbí gbé ọbẹ̀ ilá sókè. Ó fà, ó gùn bí okùn. Bí ẹ bá dá ṣíbí dúró, òmíràn nínú rẹ̀ á tún sún padà sínú àwo. Omi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ohun tó fà á ni pé àwọn fọ́nrán gígùn wà nínú omi ilá, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò lè rí wọn, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe gàrí, ẹ mọ omi funfun tí ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí a fún. Bí ó bá tòrò, ìyẹ̀fun funfun á jókòó sí ìsàlẹ̀ igbá. Ẹ ti ìka bọ inú ìyẹ̀fun tútù yẹn jẹ́jẹ́, ìka á wọlé. Ẹ wá gbá a lójijì, á le bí pákó! Ìyẹ̀fun kan náà ni o. Bí a bá rọra ń bọ̀, àwọn hóró rẹ̀ á yà fún wa. Bí a bá já lù wọ́n, wọn ò ráyè yà, gbogbo wọn á há mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni èrò tó wá sí Àrígbó lóṣù kẹjọ: bí wọ́n bá rọra ń rìn, wọ́n á kọjá, bí gbogbo wọn bá sáré lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà á dí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe gbogbo nǹkan báyìí ní ohun rírọ̀. Ọkùnrin ará Faransé kan, Pierre-Gilles de Gennes, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1991 nítorí ẹ̀kọ́ tó kọ́ nípa wọn. Ẹ má rò pé eré ni wọ́n ń fi owó ìlú ṣe. Ọ̀dà tí a fi ń kun ilé, róbà ẹsẹ̀ alùpùpù, òróró ẹ̀rọ, ọ̀rá oògùn tí dókítà ń fún wa láti fi pa egbò, ohun rírọ̀ ni gbogbo wọn.

Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Ohun rírọ̀ ni. Bí ẹ bá gé ara, ó ń ṣàn bí omi, ẹ lè rò pé omi pupa lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, a ó rí i pé omi kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí omi ògì, hóró kéékèèké sì kún inú rẹ̀. Hóró pupa ló pọ̀ jù. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n tó mílíọ̀nù márùn-ún. Wọ́n rí bí àkàrà pẹlẹbẹ tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀ láàárín. Hóró funfun kò pọ̀ tó wọn, àwọn wọ̀nyẹn ni sójà ara.

Hóró pupa kan fẹ̀ tó ìdá mẹ́jọ nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà nínú ara, òmíràn nínú wọn kò fẹ̀ ju ìdá márùn-ún lọ. Báwo ni ohun tó fẹ̀ mẹ́jọ ṣe ń gba ojú ihò márùn-ún? Nítorí ó rọ̀ ni. Ó ń ká ara rẹ̀, ó ń fa ara rẹ̀ gùn, bí ológbò tó ń gba abẹ́ ọgbà kọjá. Bó bá jáde lódì kejì, ó tún padà sí bó ti wà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí pé ó rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà tí a fẹ́ sọ wà.

Lọ́dún 1931, àwọn ará Sweden méjì, Robin Fåhræus àti Torsten Lindqvist, rí ohun ìyanu kan. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn nínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín. Ẹni tó bá gbọ́n á rò pé bí ọ̀pá bá ṣe tín-ín-rín tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á ṣe ki tó láti kọjá. Òdìkejì ni wọ́n rí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ó fẹ́lẹ́ sí i. Àwọn hóró pupa, nítorí wọ́n rọ̀, ń kó jọ sí àárín ọ̀nà, wọ́n sì fi omi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri iṣan. Omi yẹn ló ń mú kí gbogbo rẹ̀ yọ̀ lọ.

Ẹ ti rí agbo màlúù tó ń kọjá lójú ọ̀nà Parakou rí. Màlúù kún àárín ọ̀nà. Darandaran kò lè rìn láàárín wọn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n tì í sí. Bẹ́ẹ̀ ni hóró pupa ṣe ń ti hóró funfun sí ẹ̀gbẹ́ iṣan. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni sójà ti ń ṣọ́lé. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá ọgbẹ́ wà tàbí kòkòrò àrùn ti wọlé.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà, obìnrin ni, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà. Lola Eniola-Adefeso ni orúkọ rẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti kàwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Michigan lọ́dún 2006. Ẹ lè bi mí pé, kí ló kan oníkẹ́míkà nínú ẹ̀jẹ̀? Àwọn oníkẹ́míkà ni wọ́n ń kọ́ bí epo, ọṣẹ àti òróró ṣe ń gba inú páìpù kọjá nílé iṣẹ́ ńlá. Iṣan wa náà, páìpù ni. Obìnrin yìí àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fẹ́ mọ bí a ṣe lè di oògùn sínú hóró kékeré, kí ó lọ tààrà síbi tí iṣan ti ń ṣàìsàn. Àwọn ènìyàn rò pé bí hóró oògùn bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré jù máa ń sọnù sáàárín agbo hóró pupa, kò ní dé ògiri. Èyí tó tó ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, agbo á tì í sí ẹ̀gbẹ́, á sì dé ibi tí a rán an.

Wọ́n tún wò ó pé, bí hóró pupa fúnra wọn bá le, tí wọn ò rọ̀ mọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Hóró tó le kì í dúró ní àárín, ó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń gba ipò mọ́ sójà lọ́wọ́. Sójà kò wá rí ibi dúró sí dáadáa. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo mọ èyí, nítorí àìsàn kan wà láàárín wa níhìn-ín tí ń mú hóró pupa le.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ á máa ṣeré lónìí, lọ́la á máa ké pé egungun ń dun òun, ọ̀tunla á tún dìde. Ìdí nìyẹn tí àwọn Yorùbá fi ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọmọ náà bá wà ní ọmọ ọwọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á sì máa sunkún bí a bá kàn án. Ojú rẹ̀ á pọ́n yòò bí àtàrí ìyeyè. Àwọn dókítà wa ń kọ ọ́ ní drépanocytose sínú ìwé. Àwọn mìíràn ń pè é ní àìsàn dòjé, nítorí hóró pupa tó le yẹn máa ń tẹ̀ bí dòjé tí a fi ń gé koríko. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, James Herrick, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa hóró tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1910. Àwọn àgbà wa ti rí àìsàn náà tipẹ́ kí ó tó rí i. Ní tèmi o, mo gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú, tí wọ́n tiẹ̀ fi abẹ kọ lára nígbà tí wọ́n kú, àìsàn yìí ló pa wọ́n.

Kí ló ń mú hóró náà le? Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ààrò.

Ògì tútù, omi àti hóró àgbàdo ni. Ẹ gbé e kaná, ẹ ń rò ó. Àwọn hóró á mu omi, wọ́n á wú, fọ́nrán á jáde lára wọn. Ẹ bù ú sínú ewé, ó ṣì ń ṣàn. Nígbà tó bá tutù, fọ́nrán wọ̀nyẹn á di ara wọn mú lọ́wọ́, ẹ̀kọ á dì. Ẹ kò fi nǹkan kan kún un. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló so mọ́ra.

Nínú hóró pupa, ohun kan wà tí ń jẹ́ emoglobínì. Òun ló pupa. Òun ló ń gba afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró, tó ń gbé e lọ sí ọwọ́, ẹsẹ̀, ọpọlọ. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, emoglobínì kì í so mọ́ra, bó ti wù kó pọ̀ tó. Lára àwọn kan, ó yàtọ̀ díẹ̀. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn lọ́dún 1949. Èyí tó yàtọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní S. Bí S bá gbé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, kò sí ìjà. Bó bá ti sọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ tán, àwọn S á bẹ̀rẹ̀ sí di ara wọn mú, wọ́n á di fọ́nrán gígùn gígùn, inú hóró á sì dì bí ẹ̀kọ. Hóró tó yẹ kó ká ara rẹ̀ kò lè ká mọ́. Ó dé ẹnu iṣan tín-ín-rín, ó há síbẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e náà há. Afẹ́fẹ́ kò dé iwájú mọ́. Ìrora tí ọmọ ń ké sí nìyẹn. Hóró wọ̀nyí kì í sì í pẹ́: dípò 120 ọjọ́, ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún ni wọ́n ń lò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kì í fi tó, tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tó kàn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kọ kì í dì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bù ú sínú ewé, àbí? Ẹ̀jẹ̀ yìí náà, kì í dì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń dúró díẹ̀. Lọ́dún 1974, ní Amẹ́ríkà, James Hofrichter, Philip Ross àti William Eaton wọn àkókò ìdúró yẹn. Wọ́n rí i pé bó ti ki tó ló ń pinnu rẹ̀. Bí emoglobínì inú hóró bá fi ìdá kan péré nínú mẹ́wàá fẹ́lẹ́ sí i, àkókò ìdúró á gùn ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Hóró pupa kì í lò ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ nínú iṣan tín-ín-rín kó tó padà lọ gba afẹ́fẹ́ tuntun. Bí ìdúró bá gùn, ó ti kọjá kó tó dì. Bí ìdúró bá kúrú, inú iṣan níbẹ̀ ló máa dì sí.

Ẹ wá rí ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń pariwo omi, omi, omi. Ọmọ tó ń sáré gun òkè lọ́sàn-án, tó ń làágùn, tí kò mumi, omi ń jáde nínú hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tó kù nínú rẹ̀ sì ń ki. Ibà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ náà ń gbẹ omi ara, òtútù rẹ̀ sì ń mú kí iṣan fún. Nítorí náà, ọmọ tó ní àìsàn yìí gbọ́dọ̀ mumi látàárọ̀ dalẹ́, kì í ṣe ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ nìkan. Kí ó gbé ìgò omi lọ sílé ìwé. Kí olùkọ́ jẹ́ kó jáde tọ̀ nígbàkígbà tó bá bẹ̀bẹ̀, nítorí ẹni tó ń mumi púpọ̀ á tọ̀ púpọ̀. Kí a má fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ lásìkò ọyẹ́. Kí a má rán an lọ rúngi tàbí pọnmi lókè nínú oòrùn, kí àwọn ọmọ yòókù bá a ṣe é. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Bí ara ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbóná, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ara gbígbóná lára rẹ̀ kò dà bíi ti àwọn ọmọ mìíràn, ó lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bó ṣe òru. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí mímí bá ṣòro fún un, bí ikùn apá òsì bá wú lójijì, bí ẹnu bá wọ́, tàbí bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò bá ṣiṣẹ́ mọ́.

A lè wo ọmọ wọ̀nyí dàgbà. Ní Kútọnù níhìn-ín, ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Cherif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1993. Wọn ò ní oògùn ìyanu kankan. Wọ́n kọ́ àwọn òbí ní ohun tí àìsàn náà jẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa mú ọmọ wá ní ọjọ́ tí a dá, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ le. Wọ́n tọ́jú oúnjẹ rẹ̀, wọ́n dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn àti kòkòrò àrùn. Lọ́dún 2003 wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ fún gbogbo ayé kà: àwọn ọmọ tó lé ní 200 ni wọ́n tọ́jú, ara wọn yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ikú ò sì pọ̀ láàárín wọn. Òbí tó mọ nǹkan, tó sì ń lọ déédéé, ló ṣe ìdá tó tóbi nínú iṣẹ́ yẹn.

Oògùn kan tún wà tí ń jẹ́ hydroxyurea. Ó ń mú kí ara tún máa ṣe irú emoglobínì tí ọmọ ń lò nígbà tó wà nínú oyún. Èyí kì í di S mú, ó ń dá wọn lẹ́kun kí wọ́n má so mọ́ra. Wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ tó lé ní 600 ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, wọ́n sì sọ àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2019: ìrora dín kù, ibà dín kù, ikú dín kù. Dókítà ló gbọ́dọ̀ fúnni ní oògùn yìí, kó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ má rà á lọ́jà.

Ewé àti egbò ńkọ́? Èmi ò bú àwọn oníṣègùn wa. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní nǹkan bí 1970 sí 1975, Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé omi orin àtà, igi tí a fi ń rin ẹnu, kì í jẹ́ kí hóró ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bí dòjé nínú gíláàsì. Gíláàsì kì í ṣe ara ènìyàn o. Ní Àbújá, láti inú àgbo oníṣègùn Yorùbá kan, wọ́n ṣe oògùn tí ìjọba Nàìjíríà gbà wọlé lọ́dún 2006. Ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo àgbo kó sọ fún dókítà rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun wo àìsàn yìí tán pátápátá pẹ̀lú ìgò kan, owó yín ló ń wá.

Ibo ni àìsàn náà ti ń wá? Kì í ranni. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ìyá ló jẹ nǹkan kan nígbà oyún. Olúkúlùkù wa gba ìdá kan lọ́wọ́ bàbá, ìdá kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tó gba A méjì jẹ́ AA. Ẹni tó gba A kan àti S kan jẹ́ AS: ara rẹ̀ le, ó ń roko, ó ń jó, kò mọ̀ rárá. Ní Benin, nínú ènìyàn márùn-ún, ó máa ń tó ẹnì kan. S kò dédé pọ̀ láàárín wa. Lọ́dún 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà ẹ̀fọn kì í sábà pa ọmọ tó jẹ́ AS. Ibà ló jẹ́ kí S máa wà títí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ SS, ibà máa ń fi ìyà jẹ ẹ́ gan-an, kò gbọdọ̀ sùn láìsí àwọ̀n ẹ̀fọn.

Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tó ń da owó ẹyọ méjì: lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin, méjèèjì lè ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ S. Kì í ṣe pé bí ọmọ kìíní bá jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Oyún tuntun, owó ẹyọ tuntun. Lágbègbè wa, irú mìíràn tún wà tí ń jẹ́ C. Ẹni tó gba S àti C, tó jẹ́ SC, òun náà ń ṣàìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà le tó ti SS.

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa gbà láti fi wò ó. Ẹ sọ fún wọn pé électrophorèse lẹ fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kí ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin lọ kí wọ́n tó san owó ìdána, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí ẹnì kan lára, kó dúró oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ná, nítorí ẹ̀jẹ̀ àlejò á da ìwé rú. Lẹ́tà méjì ni wọ́n máa kọ sórí ìwé náà, ẹ̀yin fúnra yín sì ti lè kà á. Ẹ fi ìwé náà pamọ́ pẹ̀lú ìwé ìbí, nítorí lẹ́tà wọ̀nyẹn kì í yí padà títí ayé ẹni.